Ajẹ́ńtì méjì, ilé kan: ìdí tí Wi-Fi fi wà tí íntánẹ́ẹ̀tì ò sì sí

Ìbéèrè:

Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní nísàlẹ̀ ilé wa ní Ṣómólú. Èmi, ìyàwó àtàwọn ọmọ ń gbé òkè, ayálégbé méjì sì wà lẹ́yìnkùlé. Íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo la jọ ń lò, fíbà ni, inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n gbé àpótí rẹ̀ àti ráótà tó ń pín in sí. Torí pé kò dé òkè dáadáa, mo lọ ra ráótà kejì ní Computer Village, ọmọkùnrin kan sì bá wa fa wáyà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni inú wa fi dùn. Láti ìgbà náà, fóònù kan á wọlé, òmíràn á ní òun ti so mọ́ Wi-Fi ṣùgbọ́n kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí a bá pa á tí a tún un tàn, nígbà míì á ṣe é, nígbà míì kò ní ṣe é. Ìyá Ìbejì lè máa wo fídíò kí tèmi tí mo jókòó tì í má ṣí nǹkan kan. Láwọn ọjọ́ kan, láptọ́ọ̀pù mi kì í rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́. Bó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́, gbogbo rẹ̀ á máa wọ́ bí ìgbín. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ tí a tan jẹnẹrétọ̀, àfi kí n máa pa èyí kí n máa tan tọ̀hún. Mo ti pe ilé-iṣẹ́ tó ń tà á fún wa nígbà mẹ́rin, wọ́n ní ó ń wá dáadáa láti ọ̀dọ̀ àwọn. Ṣé kí n pààrọ̀ wọn ni? — Bàbá Ìbejì, Ṣómólú.

Ìdáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ìbejì. Ẹ má tíì pààrọ̀ ẹnikẹ́ni. Àìsàn mẹ́ta ló ń ṣe ilé yín, wọ́n kàn gbé ara wọn pọ̀n tí ẹ fi rò pé ẹyọ kan ni. Èyí tó burú jù nínú wọn, abẹ́ òrùlé yín ló wà, ọjọ́ tí ọmọkùnrin yẹn fa wáyà ló sì wọlé. Lórí ìyẹn, ilé-iṣẹ́ náà kò parọ́ fún yín.

Gbólóhùn kan nínú lẹ́tà yín ló tú àṣírí fún mi: pé Ìyá Ìbejì ń wo fídíò, ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì í kò sì rí nǹkan kan ṣí. Ká ní láti ìta ni wàhálà ti ń bọ̀ ni, gbogbo yín ni ì bá kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Òjò kì í rọ̀ sórí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn méjì tó jókòó sórí àga kan. Ìgbàkígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, kí ẹ tó gbé fóònù láti fi bínú sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ pariwo sínú ilé: ṣé gbogbo wa ni, àbí èmi nìkan?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pe Wi-Fi ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Wi-Fi ni ọ̀nà inú ọgbà, láti ọwọ́ yín dé ibi tí ráótà wà. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà ńlá tó wà níta géètì. Àmì tó dà bí abẹ̀bẹ̀ lókè fóònù yẹn, ọ̀rọ̀ inú ọgbà nìkan ló ń sọ. Ó lè kún dẹ́nu kí wọ́n sì ti géètì pa.

Fóònù kì í kàn ṣàdédé máa rìn nínú ọgbà yìí. Bó bá ti dé, ó ní láti gba àdírẹ́sì, bí ayálégbé ṣe ń gba yàrá. Á pariwo sínú ilé pé, “Ta ni yóò fún mi ní àdírẹ́sì o?” Ráótà á dá a lóhùn: gba nọ́ńbà yìí, ẹnu ọ̀nà báyìí ni kí o máa gbà jáde, ọ̀dọ̀ lágbájá ni kí o ti máa béèrè orúkọ tí o bá ń wá. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní DHCP. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, torí ẹ ó pàdé rẹ̀ nínú ráótà yín láìpẹ́. Nọ́ńbà tó ń pín, bíi 192.168.1.23, nọ́ńbà abẹ́lé ni. Ìlànà RFC 1918, tó jáde ní 1996, wà lára ohun tó ya irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlò inú ilé, inú ṣọ́ọ̀bù àti inú ọ́fíìsì. Ìdí nìyẹn tí 192.168.1.1 fi lè wà nílé yín, kó wà nílé tèmi ní Yábàá, kó tún wà nílé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní Bàrígà, tí ẹnì kankan ò ní kọlu ẹnì kejì. Ṣebí ojúlé kìíní wà ní gbogbo àdúgbò.

Lójú àwọn ará ìta, gbogbo yín pátá, ṣọ́ọ̀bù, òkè àti ẹ̀yìnkùlé, àdírẹ́sì kan ṣoṣo lẹ ní. Ráótà ni máigádì tó dúró ní géètì. Bí ìbéèrè kan bá ń jáde lọ láti inú fóònù Ìyá Ìbejì, á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀; bí èsì bá dé, á yẹ ìwé wò, á ní “ti màmá òkè ni,” á sì gbé e lọ bá a. Iṣẹ́ yẹn ló ń jẹ́ NAT, òun ló jẹ́ kí ilé odindi lè pín íntánẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan.

Ó dáa. Ráótà tí ẹ rà ní Computer Village, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti kọ́ ọ láti ilé tó ti wá. Bẹ́ ẹ ṣe tàn án, kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ẹnì kan ti ń ṣe iṣẹ́ náà nílé yìí tẹ́lẹ̀, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pín àdírẹ́sì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Èkó, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: ajẹ́ńtì méjì ló ń fi ilé kan ṣòwò, ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́, èkejì ò ní. Ẹni tó bá bọ́ sọ́wọ́ ti àkọ́kọ́ á sun inú yàrá mọ́jú. Ẹni tó bá bọ́ sọ́wọ́ èkejì á sanwó, á gba rìsíìtì, á sì bá ara rẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn tó ṣí sára ògiri.

Bí fóònù yín bá pariwo, ráótà méjèèjì ló ń dá a lóhùn, ẹni tó bá sì yára jù ni fóònù sábà máa ń mú. Bí ti ìsàlẹ̀ bá yára, ayọ̀ ni. Bí tòkè bá yára, tòkè á ní “ọ̀dọ̀ mi ni kí o máa gbà jáde,” bẹ́ẹ̀ òun alára ò lọ́nà, torí inú ọ̀kan nínú àwọn ihò yẹ́lò tí wọ́n kọ LAN sí, ìyẹn ihò inú ọgbà, ni ọmọkùnrin yẹn ki wáyà bọ̀. Mi ò sí níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ká ní inú ihò tí wọ́n kọ WAN sí, ìyẹn ihò ọ̀nà ìta, ló fi wáyà náà sí ni, kò sẹ́ni tí kò ní rí íntánẹ́ẹ̀tì nínú yín. Pípa tí ẹ ń pa fóònù tí ẹ ń tún un tàn, tẹ́tẹ́ lẹ̀ ń ta. Ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tún pariwo lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ẹni rere ló máa dáhùn lọ́tẹ̀ yìí. Ọjọ́ mẹ́ta tí inú yín fi dùn náà kì í ṣe iṣẹ́ àwọn ọ̀tá. Àdírẹ́sì tí ráótà bá pín ní gbèdéke, fóònù tó bá sì ti ní ọ̀kan lọ́wọ́ máa ń padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fún un kí àkókò tó pé, láti gba àfikún ọjọ́. Ìgbà tí fóònù jáde lọ ọjà tó sì padà wálé, tàbí tí iná lọ tí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ni wọ́n wá ń bọ́ sọ́wọ́ ajẹ́ńtì kejì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ dán an wò. Lówùúrọ̀ Sátidé, kí gbogbo ilé kó fóònù jọ sí pálọ̀. Lórí Android, ẹ lọ síbi Wi-Fi nínú Settings, kí ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi yín. Lórí iPhone, ẹ tẹ lẹ́tà i kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà. Ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ Gateway tàbí Router sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí kálukú ka tirẹ̀ sókè. Bó bá rí bí mo ṣe rò ó, àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ń ṣiṣẹ́ á ka nọ́ńbà kan, ẹ jẹ́ ká ní 192.168.1.1, àwọn tí tiwọn ò ṣiṣẹ́ á ka òmíràn, bíi 192.168.0.1. Ẹ yí ráótà méjèèjì dé, ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí wọn, ẹ ó rí ẹni tó ni nọ́ńbà wo. Bó bá jẹ́ 192.168.1.1 ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, ìyẹn tún burú jùyẹn lọ: ajẹ́ńtì méjì ti di onílé méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Bí láptọ́ọ̀pù kan bá sì ka àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, a jẹ́ pé ó pariwo títí, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn, ó sì fún ara rẹ̀ lórúkọ. Wáyà tàbí Wi-Fi fúnra rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò nígbà yẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Èmi tí mò ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, odindi ọ̀sán kan ni mo fi ṣòfò lórí ohun kan náà nínú ọ́fíìsì kan ní Yábàá. Mo pààrọ̀ wáyà, mo gun àjà, mo tún gbogbo nǹkan ṣe, àwọn kọ̀ǹpútà kan ṣì ń gba àdírẹ́sì tí mi ò mọ ẹni tó ń fún wọn. Nígbà tó yá, mo tẹ àdírẹ́sì ẹnu ọ̀nà àjèjì yẹn sínú Chrome, ojú ìwé ráótà kan ṣí sílẹ̀ bí ìgbà tí olè bá ń kí ọ káàárọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú ìwé náà fi kú. Mo tọpa wáyà tó wà lọ́wọ́ mi, ó wọ abẹ́ tábìlì akọ̀wé kan, lẹ́yìn páálí bébà mẹ́ta. Ráótà àtijọ́ kan jókòó síbẹ̀, eruku ti bò ó, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ihò wáyà kan péré ló wà lára ògiri, kọ̀ǹpútà méjì ni ọkùnrin náà ní, ó wá gbé ráótà ilé rẹ̀ wá láti fi pín in. Iṣẹ́ ọpọlọ ló ṣe. Kò kàn mọ̀ pé ajẹ́ńtì lòun gbé wọ ọ́fíìsì ni.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ yọ wáyà tó ti ìsàlẹ̀ wá kúrò lára ráótà òkè. Ẹ fi wáyà kúkúrú kan so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráótà òkè nìkan, kí ẹ sì pa Wi-Fi láptọ́ọ̀pù náà. Nọ́ńbà tí ẹ ó fi wọlé, orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lára bébà ìdí rẹ̀ yẹn. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà síbi tí ẹ máa ń tẹ àdírẹ́sì sí nínú Chrome. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n kọ Access Point mode sí, oríire ni: ẹ yàn án, ẹ tẹ̀ lé ohun tí ojú ìwé náà bá sọ nípa ihò tí wáyà máa wọ̀, ó parí. Fúnra rẹ̀ ló máa fi iṣẹ́ ajẹ́ńtì sílẹ̀, tí yóò kàn di ẹ̀rọ tó ń gbé Wi-Fi kiri.

Bí kò bá ní in, ọwọ́ lẹ ó fi ṣe é, ibi tí ẹ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ẹ kọ́kọ́ lọ síbi LAN, kí ẹ yí àdírẹ́sì ráótà òkè padà sí 192.168.1.250. Á lé yín síta. Ẹ yọ wáyà láptọ́ọ̀pù, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, ẹ fi nọ́ńbà tuntun yìí wọlé. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó pa DHCP rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pa DHCP ti ti ara rẹ̀ mọ́ta: kò sẹ́ni tó máa fún láptọ́ọ̀pù ní àdírẹ́sì mọ́, àfi kí ó máa wá abẹ́rẹ́ tí yóò fi tẹ bọ́tìnnì tín-ín-rín ẹ̀yìn ráótà, kó tún bẹ̀rẹ̀ látorí. Mo ti ṣe é rí.

Kí 250 yìí má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ wọ inú ráótà ìsàlẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé láti 192.168.1.100 dé 192.168.1.199 nìkan ni kó máa pín. Ọgọ́rùn-ún àdírẹ́sì nìyẹn, ó tó ẹ̀yin, ayálégbé àtàwọn oníbàárà tó ń dúró de káàdì ìpè ìgbéyàwó wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ dá wáyà gígùn padà, láti ihò yẹ́lò ìsàlẹ̀ sí ihò yẹ́lò òkè, kí ihò WAN tòkè máa wà lófìfo. Ẹ fún Wi-Fi méjèèjì ní orúkọ kan àti pásíwọ́ọ̀dù kan, kí fóònù lè fúnra rẹ̀ mú èyí tó sún mọ́ ọn bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn.

Ẹnì kan lè gbà yín nímọ̀ràn pé ṣebí kí ẹ kàn yọ wáyà nínú ihò yẹ́lò kí ẹ fi í sínú WAN, ó tán. Íntánẹ́ẹ̀tì á wá lóòótọ́, bí àdírẹ́sì ráótà méjèèjì ò bá ti jọra. Àmọ́ máigádì á di méjì, òkè á sì di ọgbà nínú ọgbà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń kéde ara rẹ̀ fún àwọn tó wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kì í kọjá máigádì. Ẹ ó máa rí Facebook lókè, ẹ ò ní rí ẹ̀rọ tó fún yín lóúnjẹ nísàlẹ̀. Ohun kan náà ló fà á tí láptọ́ọ̀pù yín ò fi rí i báyìí: láwọn ọjọ́ tó bá bọ́ sọ́wọ́ ajẹ́ńtì òkè, 192.168.0 lòun wà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà ní 192.168.1, wọ́n jọ wà lórí wáyà kan náà, wọn ò sì mọ ara wọn lójú. Bí DHCP òkè bá ti kú, ìyẹn á lọ. Ohun tó kù ni pé àdírẹ́sì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀ lè máa yí padà lẹ́yìn tí iná bá lọ. Nínú ráótà ìsàlẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Address Reservation sí, ẹ mú ẹ̀rọ náà nínú àwọn tó wà níbẹ̀, ẹ fún un ní 192.168.1.150. Láti ọjọ́ náà lọ, yàrá rẹ̀ nìyẹn, ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni àìsàn yìí. Ẹ máa rò pé àwọn ọmọ tó ń wo fídíò ló fà á, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ lápá kan. Àmọ́ èyí tí mo sábà máa ń bá nílé àwọn èèyàn ni fóònù tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá ti wọlé, tí ẹ fi fóònù sí ṣáájì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo fọ́tò àti fídíò ọjọ́ náà lọ sí Google Photos tàbí iCloud. Ọ̀nà àtilọ (upload) nínú ọ̀pọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ilé kéré sí ọ̀nà àtibọ̀ (download). Bí àtilọ yín bá jẹ́ 5 Mbps, ìyẹn Mb márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìyàwó yín ya fídíò òde àríyá tó tó 3 GB, wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀nà yẹn máa fi kún fọ́fọ́. Ẹ rántí pé Mb (megabit) mẹ́jọ ló wà nínú MB (megabyte) kan. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́.

Ẹ ó ní, bí àtilọ bá kún, kí ló kan fídíò tó ń bọ̀? Ó kàn án o. Gbogbo ẹrù tó bá dé fóònù yín, fóònù gbọ́dọ̀ rán ọ̀rọ̀ padà pé “mo ti gbà á, ẹ gbé òmíràn wá.” Bí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn bá to sẹ́yìn fídíò òde àríyá, ẹni tó ń rán ẹrù á dúró dè é. Bí ìgbà tí ọ̀kadà kan tó fẹ́ lọ jíṣẹ́ há sẹ́yìn tírélà ní Ìkòròdú Road. Ẹ lè fojú rí i: ní láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ ping 8.8.8.8 -t. Á máa ka iye ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tí ọ̀rọ̀ fi ń lọ tó fi ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ Google tó ń jẹ́ 8.8.8.8. Lọ́sàn-án, nọ́ńbà kékeré lẹ ó rí, bíi 30 tàbí 40. Lálẹ́, bó bá ń fò lọ sí 600, 800, tí ó tún ń padà, ẹ pa Wi-Fi fóònù tó wà lórí ṣáájì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo nọ́ńbà náà. Èyí tí ẹ bá pa tí nọ́ńbà fi rọlẹ̀, òun ni. Ẹ yí àkókò tó ń kó fọ́tò lọ padà tàbí kí ẹ pa á. Bí ráótà yín bá ní QoS, ibi tí wọ́n ti ń fi ìwọ̀n sí ìyára, ẹ lè sọ fún un pé kí àtilọ má kọjá nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tí ẹ ń rà. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀ ń fi owó yín ṣòfò, àmọ́ àyè ọ̀kadà lẹ fi sílẹ̀ yẹn.

Ti iná kò le. Bí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo ẹ̀rọ ló ń jí lẹ́ẹ̀kan náà, ráótà sì lè ti máa wá ọ̀nà ìta nígbà tí àpótí fíbà ṣì ń nu ojú. Àwọn ráótà kan á tún gbìyànjú, àwọn kan á jókòó sílẹ̀ máa wò. Ẹ tan àpótí fíbà ṣáájú, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tan ráótà ìsàlẹ̀, kí tòkè ṣe ìkẹyìn. Èyí tó tún dára jù ni UPS kékeré, bátìrì tí wọ́n ṣe fún ráótà, kò tóbi ju búrẹ́dì kan lọ, kò ní jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iná lọ rárá. Kí ẹ tó rà á, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣáájì ráótà àti ti àpótí fíbà: àwọn kan 12V ni, àwọn kan 9V. Ẹni tó bá fi 12 sínú 9, á wá ra ráótà tuntun.

Ẹ bá mi wo wáyà gígùn yẹn náà. Ẹ fi abẹ ha ọ̀kan nínú okùn tín-ín-rín mẹ́jọ tó wà nínú èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín. Bó bá pọ́n dénú, kọ́pà ni. Bó bá pọ́n lójú tó sì funfun nínú, alúmínọ́ọ̀mù ni wọ́n fi kọ́pà bò, ó máa ń tètè kán lẹ́nu. Mẹ́rin péré nínú okùn mẹ́jọ náà ti tó fún 100 Mbps, mẹ́jọ pátá ni Gigabit (1000 Mbps) ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tí okùn kan fi lè já tí íntánẹ́ẹ̀tì á ṣì máa ṣiṣẹ́, àmọ́ tí kò ní yá bó ṣe yẹ. Bí wáyà náà bá gba ìta ògiri, ẹ máa yọ ọ́ kí àrá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Ní ti Wi-Fi òkè, ẹ gbé ráótà náà síbi gbangba nítòsí àtẹ̀gùn. Kó má wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kó má sì fara ti irin ojú fèrèsé tàbí ògiri tí táńkì omi wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìgbì Wi-Fi méjì tí ráótà sábà máa ń ní, 2.4 GHz ń la bíríkì kọjá ju 5 GHz lọ, ṣùgbọ́n ní Ṣómólú tí ilé so mọ́ ilé, gbogbo aládùúgbò ló wà lórí rẹ̀. Lórí 2.4 GHz náà, kí ìsàlẹ̀ wà lórí ìkànnì 1, kí òkè wà lórí 6 tàbí 11; àwọn mẹ́ta yìí kì í gorí ara wọn. Àwọn fóònù tó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ráótà, 5 GHz ni kí wọ́n lò.

Àwọn ayálégbé yín, ẹ ṣí Guest Network (Wi-Fi àlejò) fún wọn, pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹni tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé fi gbọ́dọ̀ máa rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníbàárà yín. Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ayálégbé náà ti mọ pásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ń lò lọ́wọ́.

Ìgbà kan wà lóòótọ́ tí ẹ̀bi kì í ṣe tinú ilé. Bí iná tí wọ́n kọ LOS sí lára àpótí fíbà bá pọ́n, ìmọ́lẹ̀ ò wọlé láti ìta mọ́: ẹnì kan ti ká okùn fíbà kọ́rọ́, tàbí àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà ti gé e. Kò sí ohun tí ẹ lè pa tàbí tàn tó máa tún un ṣe, ẹ pè wọ́n. Ó sì lè jìnnà jùyẹn lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́bàá Abidjan, báńkì pàápàá ń dákú nílùú Èkó. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin àti Ìyá Ìbejì lẹ jọ máa jókòó wo ara yín lójú.

Láti mọ ibi tó ti já, ibi mẹ́ta ni kí ẹ kàn látinú láptọ́ọ̀pù: ping 192.168.1.1, lẹ́yìn náà 8.8.8.8, lẹ́yìn náà google.com. Bí àkọ́kọ́ ò bá dáhùn, inú ọgbà ni. Bí àkọ́kọ́ bá dáhùn tí èkejì ò dáhùn, géètì tàbí ìta ni. Bí méjèèjì bá dáhùn tí google.com nìkan kọ̀, ọ̀nà wà, ẹni tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà ló sùn lọ. DNS ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn: ẹ kọ 8.8.8.8 àti 1.1.1.1, àwọn méjì míì tó ń ṣe é, síbi DNS nínú ráótà ìsàlẹ̀.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráótà ìsàlẹ̀ pẹ̀lú wáyà, tí gbogbo fóònù ilé wà ní pípa, tí 8.8.8.8 ṣì ń fò sókè sódò, ẹ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú aago lára fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ gbé e lọ bá ilé-iṣẹ́ náà. Ìgbà yẹn la ó tó jọ sọ̀rọ̀ pípààrọ̀. Ẹ sì bá mi pe ọmọkùnrin yẹn padà kó wá wo bí ẹ ṣe ń pa DHCP, kó má lọ ṣe irú ẹ̀ nílé ẹlòmíràn lọ́la. Wáyà tó fà ò burú, ó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì dókè. Ráótà tó wà lórí rẹ̀ ni kò bá a sọ̀rọ̀.